Bí a ṣe ń gbin ásítà eléwé dúdú tó ń tanná nígbà ìwọ́wé

Ní Amẹ́ríkà àti Britain, ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀pọ̀ òdòdó inú àgbàlá ti rọ, ìgbà náà ni ásítà eléwé dúdú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ojú. Kó tó tanná rárá ni ewé rẹ̀ ti ń dá àgbàlá lọ́ṣọ̀ọ́ láti oṣù Kẹrin: àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn bá po etù mọ́ àlàárì, dúdú tó ní pupa nínú. Tó bá wá di ìgbà ìwọ́wé, òdòdó kéékèèké á bo gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ lẹ́gbẹẹ́gbẹ́. Funfun ni etí òdòdó náà. Àárín rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àwọ̀ ìpara, á sì pọ́n bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, tó fi jẹ́ pé ẹ̀ka kan ṣoṣo lè gbé àwọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ewéko tó ń hù padà lọ́dọọdún ni. Kò le láti gbìn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbìn ín tí ewé rẹ̀ fi di àwọ̀ ewé lásán, tí ewé ìsàlẹ̀ á já tán, tí gbogbo rẹ̀ á sì dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó tanná. Ibòji, oúnjẹ àpọ̀jù àti ilẹ̀ gbígbẹ ló ń fà á. Oòrùn ni kó wà lórí rẹ̀, omi ni kó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí oúnjẹ rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Gbogbo iṣẹ́ tó kù wá láti ara mẹ́ta yìí.

Èyí tí ẹ máa rà

Orúkọ tí ẹ máa wá lára káàdì inú ìkòkò rẹ̀ ni Symphyotrichum lateriflorum. Àwọn ilé ìtajà kan ṣì ń kọ Aster lateriflorus. Ewéko kan náà ni. Àwọn onímọ̀ ewéko ló yọ àwọn ásítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà kúrò lábẹ́ orúkọ Aster ní àwọn ọdún 1990. Ẹ má dúró lórí orúkọ yẹn nìkan, torí pé èyí tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó kì í dúdú. Orúkọ ẹ̀yà tó tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì.

'Lady in Black' ló wọ́pọ̀ jù lọ. Ó máa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 4, ó sì máa ń fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3. 'Prince' kúrú jù ú lọ, ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3, ewé rẹ̀ sì dúdú dáadáa. Òun la máa ń dábàá fún ẹni tí àgbàlá rẹ̀ kéré tàbí tí kò fẹ́ wàhálà ọ̀pá ìfarati. 'Horizontalis' ti pẹ́ lọ́jà ju àwọn méjèèjì lọ. Ẹ̀ka rẹ̀ ń nà gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì rẹwà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé tó jìn ni tirẹ̀, tó máa ń di àwọ̀ bàbà nígbà ìwọ́wé. Tó bá jẹ́ pé dúdú lẹ fẹ́, ẹ má rà á ní ìdí èyí.

Ìdílé kan náà ni òun àti ewúro, yánrin àti imí-eṣú. Ẹni tó bá ti fara balẹ̀ wo òdòdó ewúro rí á mọ̀ pé ohun tí ojú rí bí òdòdó kan jẹ́ àgbájọ òdòdó tíntìntín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ásítà yìí, ìdí sì nìyẹn tí oyin fi máa ń pẹ́ lórí rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ni ilé ìtajà máa ń kún fún èyí tó ti tanná, ojú èèyàn á sì wọ̀ ọ́ lọ́gán. A fẹ́ràn kí ẹ ra tiyín nígbà ìrúwé, ní oṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún, kí gbòǹgbò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn láti wọlẹ̀. Ẹ mú èyí tó ní èéhù púpọ̀ nídìí. Má wo gíga. Ẹ yọ ọ́ díẹ̀ nínú ìkòkò kí ẹ wo gbòǹgbò: kó funfun tàbí kó ní àwọ̀ ìpara, kó má rùn. Tó bá jẹ́ ìgbà ìwọ́wé lẹ rí i rà, ẹ gbìn ín ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ilẹ̀ tó dì. Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì di ilẹ̀ mú, dídì àti yíyọ́ ilẹ̀ nígbà òtútù á máa tì í jáde díẹ̀díẹ̀, títí ọrùn gbòǹgbò á fi hàn síta tí atẹ́gùn á sì gbẹ ẹ́ pa.

Ibi tó bá a lára mu

Ìlà-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, láti Kánádà títí dé Florida: etí igbó, etí odò, àti pápá tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ tán. Sóònù 4 sí 8 ni wọ́n ń kà fún un lórí máàpù USDA, ìyẹn máàpù ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń fi bí òtútù ibi kọ̀ọ̀kan ṣe le tó hàn. Baltimore, Newark àti Chicago bá a mu dáadáa. Ní Atlanta, ẹ fún un ní oòrùn àárọ̀ títí di bí aago méjì ọ̀sán, kí ibòji sì gbà á lẹ́yìn ìyẹn, torí pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀ máa ń jó etí ewé rẹ̀. A kò dábàá rẹ̀ fún Houston: ooru ibẹ̀ pọ̀, òtútù ibẹ̀ sì kéré. Ní Britain, láti London dé Scotland, òtútù ibẹ̀ kò lè pa á.

Ilé ńkọ́, ní Ìbàdàn tàbí Èkó? Rárá. Ewéko yìí nílò oṣù mélòó kan nínú òtútù láti sinmi, kó tó lè hù padà pẹ̀lú agbára. Ẹ má sì gbé e sínú àpótí fún ẹnikẹ́ni nílé. Ewéko tó ní gbòǹgbò kì í wọ Nàìjíríà láìsí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ NAQS, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àrùn ewéko ní ẹnu ibodè, àrùn inú iyẹ̀pẹ̀ kan sì lè ba oko ẹlòmíràn jẹ́.

Oòrùn wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ ló kéré jù. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní anthocyanin ló bo àwọ̀ ewé rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ àti òru tútù ló sì ń mú kí ewéko ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dúdú jù lọ nígbà ìrúwé. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ, nígbà tí òru náà móoru, àní inú oòrùn kíkún pàápàá, àwọ̀ rẹ̀ lè rọ̀ díẹ̀ sí àwọ̀ ewé tó ní bàbà nínú. Àìsàn kọ́. Ẹ má torí rẹ̀ da ajílẹ̀ sí i. Ajílẹ̀ á tún mú kó tutù yọ̀yọ̀ sí i ni. Ṣùgbọ́n tí ewé bá ti di àwọ̀ ewé lásán láti oṣù Karùn-ún, ibòji ni. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ nígbà ìrúwé tó ń bọ̀.

Ilẹ̀ àti oúnjẹ

Ilẹ̀ amọ̀ kò bà á nínú jẹ́, tí omi bá ṣáà ti ń rí ọ̀nà lọ. Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó íǹṣì 12, ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, kí ẹ tún pọn ún kún. Tí omi ẹ̀ẹ̀kejì yìí bá ń lọ sílẹ̀ tó íǹṣì kan ní wákàtí kan, ilẹ̀ náà dára. Tó bá dúró síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ kó ilẹ̀ jọ bí ebè tó ga tó íǹṣì 6 sí 8, kí ẹ sì gbìn ín sórí rẹ̀. Ẹ má da yanrìn sínú amọ̀ pẹ̀lú èrò pé á rọ̀. Àwọn méjèèjì á dì pọ̀ ni, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ewé jíjẹrà ló ń rọ amọ̀. Ìpele íǹṣì 2 tó ti jẹrà dáadáa, tí ẹ ro pọ̀ mọ́ ilẹ̀ dé ìjìnlẹ̀ íǹṣì 8 sí 10, ti tó. Ìwọ̀n pH, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe kan sí, láti 5.5 dé 7.5 bá a mu.

Ibi tí ọwọ́ àwọn tó ti ṣe oko nílé ti máa ń yá jù nìyí: ìgbẹ́ adìẹ. Ó dára fún ẹ̀fọ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n náítrójìn inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ásítà yìí. Ọ̀pá rẹ̀ á ga fíofío láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á rọ̀, ewé rẹ̀ á tutù, àrùn ìyẹ̀fun funfun á sì rí ibi bà. Fún oúnjẹ ọdọọdún, ìpele íǹṣì kan ti ewé jíjẹrà lórí ilẹ̀ ní oṣù Kẹta tó o. Kò nílò ajílẹ̀ àpò.

Gbíngbìn

Ẹ bomi rin ewéko náà nínú ìkòkò rẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ìkòkò náà, tí kò sì jìn jù ú lọ. Tí gbòǹgbò bá ti yí ara wọn ká, ẹ fi ìka tú wọn sílẹ̀, tàbí kí ẹ fi ọ̀bẹ là wọ́n ní ojú mẹ́ta láti òkè dé ìsàlẹ̀ níwọ̀n ìdajì íǹṣì. Èyí tí wọ́n kò bá tú á máa yí ara rẹ̀ ká nínú ilẹ̀ náà bó ṣe ń yí nínú ìkòkò. Ẹ gbé e sínú ihò kí ojú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ bá ojú ilẹ̀ dọ́gba. Tí ẹ bá rì í jù, ọrùn rẹ̀ á jẹrà nígbà òtútù. Ẹ kó ilẹ̀ padà, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ (kì í ṣe ẹsẹ̀), kí ẹ sì bomi rin ín pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 2½ sí àárín ewéko kan àti èkejì. Ó máa ń dà bíi pé ó jìnnà jù ní ọdún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún kẹta àwọn ẹ̀ka á ti ń kan ara wọn, atẹ́gùn sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbà láàárín wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èèpo igi tàbí ewé gbígbẹ tí ẹ gé wẹ́wẹ́ bo ilẹ̀ náà ní ìpele íǹṣì 2, kí ẹ fi àlàfo íǹṣì 2 sílẹ̀ yí ìdí ọ̀pá rẹ̀ ká.

Omi

Omi ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí, torí wọ́n gbọ́ pé ásítà lágbára. Ó lágbára lóòótọ́, kò ní kú. Ohun tó máa ṣe ni pé á ju ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù láti dá omi sí, nígbà tó bá sì fi tanná, ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ti di ọ̀pá gbígbẹ. Ewé tó bá já ní oṣù Keje kò ní hù padà lọ́dún yẹn.

Íǹṣì kan omi lọ́sẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, pẹ̀lú ti òjò. Fún ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2 ní ìbú àti ní òró, gálọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ nìyẹn. Ẹ fún un lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀méjì lọ́sẹ̀, kó wọlẹ̀ jìnnà. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ń kọ́ gbòǹgbò láti wà lójú ilẹ̀, níbi tí ooru ti máa ń kọ́kọ́ mú. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn gbíngbìn, ẹ̀ẹ̀méjì lọ́sẹ̀ ni kó jẹ́, bí òjò kò bá rọ̀. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ ní íǹṣì 2: tó bá gbẹ níbẹ̀, ó ti tó àkókò. Àárọ̀ ni kí ẹ bomi rin ín, ní ìdí rẹ̀, kì í ṣe lórí ewé.

Gígé rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, òun ló sì ń mú ìyàtọ̀ wá láàárín 'Lady in Black' tó dúró ṣánṣán àti èyí tó ya lulẹ̀ ní àárín. Nígbà tí ọ̀pá bá ti ga tó íǹṣì 12 sí 16, láàárín ìparí oṣù Karùn-ún àti àárín oṣù Kẹfà, ẹ fi àlùmọ́gàjí mímú gé ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan kúrò lókè, lókè ojú ewé kan. Láti ibi ojú ewé tó kù ni ẹ̀ka tuntun méjì tàbí mẹ́ta á ti yọ. Ewéko náà á kúrú, á ki, òdòdó rẹ̀ á sì pọ̀ sí i.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Keje, ẹ má gé e mọ́; ìrùdí ọdún yẹn lẹ máa gé dànù. Gígé máa ń mú kí òdòdó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, nítorí náà níbi tí yìnyín ti máa ń tètè bọ́ ní ìgbà ìwọ́wé, ọ̀pá iwájú nìkan ni kí ẹ gé, kí ẹ fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀. Ti ẹ̀yìn á kọ́kọ́ tanná, ti iwájú á tẹ̀ lé e, á sì bo ẹsẹ̀ ti ẹ̀yìn. A fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju gígé gbogbo rẹ̀ lọ, níbikíbi tí èèyàn bá wà. 'Prince' kì í sábà nílò gígé.

Tí ilẹ̀ yín bá sanra tàbí tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ gan-an níbẹ̀, ẹ ri òrùka wáyà olójú tó ní ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lé e lórí nígbà tí kò tíì ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, kó máa hù gba àárín rẹ̀ kọjá. Dídì í mọ́ igi lẹ́yìn tó ti ṣubú ní oṣù Kẹsàn-án kì í rẹwà, ọ̀pá rẹ̀ á sì máa ṣẹ́.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́

Èyí tó burú jù níbi tó gbóná tí ilẹ̀ sì gbẹ ni kòkòrò kékeré kan tí ìyẹ́ rẹ̀ dà bíi léèsì. Abẹ́ ewé ló ń gbé, oje ewé ló ń fà. Lókè ewé, ẹ máa rí àmì funfun wínníwínní. Ewé dúdú á wá di àwọ̀ eérú tàbí bàbà, bí ẹni pé oòrùn ló jó o. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé oòrùn ni, wọ́n á sì gbé e lọ sí ibòji, níbi tí kò ti ní dúdú mọ́. Ẹ yí ewé náà padà: tí ẹ bá rí àmì dúdú bí ìgbẹ́ tíntìntín lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò yìí ni. Ẹ fi omi họ́ọ̀sì tó lágbára fọ abẹ́ ewé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti oṣù Karùn-ún, nígbà tí ọmọ rẹ̀ kò tíì ní ìyẹ́. Ọṣẹ olómi tí wọ́n ṣe fún kòkòrò ewéko náà ń ṣiṣẹ́, bó bá sáà kàn án lára. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọ̀bọ́ rọ́pò rẹ̀. Ó máa ń jó ewé. Ilẹ̀ tó ní ọ̀rinrin ni ààbò tó pẹ́ jù.

Àrùn ìyẹ̀fun funfun kì í mú ẹ̀yà yìí bó ṣe ń mú ẹ̀yà ásítà mìíràn tí wọ́n ń pè ní ásítà New York, ṣùgbọ́n ó lè dé níparí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ewéko bá há pọ̀ tí ilẹ̀ sì gbẹ. Ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọ̀pá àárín kúrò láti ìdí nígbà ìrúwé, kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. Ìpáàrà, ìyẹn àmì pupa tó yọ sókè lábẹ́ ewé, ń fẹ́ kí ẹ já ewé náà, kí ẹ sì jù ú sínú àpò ìdọ̀tí, kì í ṣe sínú òkìtì ewé tí ẹ fẹ́ kó jẹrà.

Tí òdòdó bá jáde ní àwọ̀ ewé, tí èéhù tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ gọbọi lójú kan, tí ewé tuntun sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àrùn tí wọ́n ń pè ní aster yellows ni. Kòkòrò kan tó ń fò láti ewé sí ewé ló ń gbé e kiri. Kò ní oògùn. Ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i, kó má baà ran àwọn tó yí i ká.

Ehoro máa ń jẹ èéhù rẹ̀ dé ilẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Ẹ fi wáyà tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2 yí i ká títí yóò fi ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ní Britain, ìgbín tí kò ní ìkarahun ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn lóru. Ẹ jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn òjò kí ẹ ṣà wọ́n. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, tí ẹ bá rí kòkòrò dúdú ẹlẹ́gùn-ún kéékèèké tó ń jẹ ewé díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ labalábá olómi-ọsàn kékeré tí wọ́n ń pè ní pearl crescent, ewé ásítà sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ewéko yín kò ní kú sí i.

Àwọn tó yẹ kó bá a gbé

Ewé dúdú máa ń sọnù lójú ilẹ̀ dúdú. Ohun tó ní àwọ̀ fífúyẹ́ ni kí ẹ fi sí ẹ̀yìn tàbí iwájú rẹ̀. Koríko little bluestem, tí ewé rẹ̀ ní àwọ̀ aró tó ṣì tutù, dára púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Goldenrod ẹ̀yà 'Fireworks' ń tanná ní àwọ̀ ìyeyè ní àkókò kan náà. Àwọn méjèèjì papọ̀ ń fún oyin, oyin ńlá onírun àti labalábá monarch tó ń rin ìrìn àjò lọ sí Mẹ́síkò ní oúnjẹ nígbà tí oúnjẹ ti wọ́n. Sedum 'Autumn Joy' dára níwájú rẹ̀ láti bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ ni sedum fẹ́ràn. Ẹ gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ tí omi kì í dé púpọ̀.

Lẹ́yìn òdòdó

Ẹ má gé e ní oṣù Kọkànlá. Àwọn ẹyẹ ń jẹ èso rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ sì ń dá yìnyín dúró lórí gbòǹgbò. Ní oṣù Kẹta, kí èéhù tuntun tó ga, ẹ gé e ku íǹṣì 3. Ohun kan ṣoṣo ló lè mú kí ẹ gé orí òdòdó kúrò ṣáájú: èso tó bá bọ́ sílẹ̀ máa ń hù, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í sì í sábà dúdú bí ìyá wọn. Níbi tí àgbàlá bá kéré, gé orí òdòdó ní kété tó bá rọ. Níbi tó bá fẹ̀, fi èso sílẹ̀ fún ẹyẹ, kí ẹ sì hú àwọn èéhù aláwọ̀ ewé tó bá yọ nígbà ìrúwé. Wọ́n lágbára ju ìyá wọn lọ. Tí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀, láàárín ọdún mélòó kan wọ́n á gba ibùsùn rẹ̀.

Nítorí náà, láti ní púpọ̀ sí i, pínpín ni. Lọ́dún kẹta tàbí ìkẹrin, àárín ewéko á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, òdòdó á sì dín. Ní oṣù Kẹrin, nígbà tí èéhù bá ga tó íǹṣì 2 sí 3, ẹ fi fọ́ọ̀kì wú gbogbo rẹ̀ jáde. Ẹ fi ọ̀bẹ tàbí ṣọ́bìrì mímú là á. Àárín tó le bí igi, ẹ jù ú nù. Ẹ mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ìpín kọ̀ọ̀kan ní èéhù 3 sí 5 pẹ̀lú gbòǹgbò tirẹ̀, kí ẹ gbìn ín lọ́jọ́ náà ní ìjìnlẹ̀ tó wà tẹ́lẹ̀. Ìpín tó kéré jù á lo odindi ọdún kan kó tó tanná dáadáa. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, kódà bí ojú ọjọ́ bá tutù, torí pé gbòǹgbò tí ọ̀bẹ kàn kò tíì lè wá omi fúnra rẹ̀.